Pátákó lẹ́tà 25 fún àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi: bí mo ṣe ṣe é, ibi tó ti bàjẹ́, bí mo ṣe tún un ṣe

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́dún mẹ́ta sí márùn-ún, nǹkan kan ló sì máa ń dùn mí jù lọ́dọọdún. Ọmọ á kọrin a bí dí e ẹ fí gí gbí látòkè délẹ̀, kò ní fo ọ̀kan, a ó pàtẹ́wọ́, inú ìyá rẹ̀ á dùn, ìgbà tí n bá wá kọ g nìkan sójú pátákó tí mo ní kí ni lẹ́tà yìí, ọmọ á wojú mi, á padà lọ bẹ̀rẹ̀ láti a, á máa kà á bọ̀ títí táá fi rò pé òun ti débẹ̀. Orin ló mọ̀, kò tíì mọ lẹ́tà. Ẹ̀bi ọmọ kọ́ o, àwa la fi etí nìkan kọ́ ọ, a ò fi ojú kọ́ ọ, a ò fọwọ́ kọ́ ọ rárá, ó kù díẹ̀ kó lọ sí kíláàsì kìíní la wá gbé pẹ́ńsùlù lé e lọ́wọ́ tí a ní kó máa kọ.

Àkókò ìsinmi tó kọjá ni mo bá pinnu pé mo fẹ́ ṣe lẹ́tà tí ọmọ lè fọwọ́ kàn. Gbogbo bí mo ṣe ṣe é ni mo kọ síbí, títí kan àwọn ibi tó bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, torí àwọn ibi tó bàjẹ́ yẹn gan-an ló kọ́ mi nípa àwọn ọmọ ju ibi tó dáa lọ.

Ohun tí mo fẹ́ ṣe

Nǹkan méjì ni. Àkọ́kọ́, pátákó 25, lẹ́tà kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, sáńpépà ni mo fẹ́ fi gé lẹ́tà náà kí ara rẹ̀ lè rí ṣákaṣàka lábẹ́ ìka, kí ara pátákó fúnra rẹ̀ máa dán. Ìkejì, tíréè iyanrìn mẹ́rin.

Kì í ṣe èmi ni mo ronú kan pátákó yẹn. Maria Montessori, dókítà ará Ítálì yẹn, ló ń lò ó fún àwọn ọmọ nílé àwọn ọmọdé tó ṣí ní Róòmù ní oṣù kìíní ọdún 1907. Ọmọ á fi ìka ìlábẹ̀ àti ìka àárín tọ ojú lẹ́tà náà bí ẹni tó ń kọ ọ́, ẹnu á máa pe ìró rẹ̀, ojú á máa wò ó, ẹ̀ẹ̀kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń wọlé. Iyanrìn tún ti pẹ́ jùyẹn lọ. Andrew Bell tó ń darí ilé ìwé àwọn ọmọ òrukàn kan ní Madras ní Íńdíà rí àwọn ọmọ tí wọ́n ń fi ìka kọ lẹ́tà sínú iyanrìn, ó gbé e wọ ilé ìwé tirẹ̀, ó sì kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1797.

Mo fẹ́ fi pátákó nìkan mọ tẹ́lẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí n fi tíréè kún un ni ìwádìí kan tí Karin James àti Laura Engelhardt gbé jáde ní 2012. Wọ́n kó àwọn ọmọ ọlọ́dún márùn-ún tí wọn ò tíì mọ̀wé kà, wọ́n ní kí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ àwọn lẹ́tà kan, kí wọ́n tọ àwọn kan lórí ilà tí wọ́n ti yà sílẹ̀, kí wọ́n tẹ àwọn kan lórí kíbọọ̀dù, lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ẹ̀rọ wo inú ọpọlọ wọn bí wọ́n ṣe ń wo àwọn lẹ́tà náà. Àwọn lẹ́tà tí ọmọ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ló jí àwọn ibi tí à ń lò nínú ọpọlọ tí a bá ń kàwé, títọ̀ kò ṣe bẹ́ẹ̀, títẹ̀ kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n rò pé ó fà á ni pé lẹ́tà tí ọmọ kọ fúnra rẹ̀ máa ń wọ́, òní á tóbi, ọ̀la á ṣe pẹlẹbẹ, ojú ọmọ á wá rí b lóríṣiríṣi, á sì mọ̀ pé b náà ni gbogbo wọn.

Ìyẹn ká mi lára gan-an torí iṣẹ́ títọ̀ lórí ilà tótótó ló kún inú gbogbo ìwé tí à ń rà fún wọn. Nítorí náà ètò mi wá di pé pátákó á fi ọ̀nà han ìka, tíréè ni ìka á ti rìn ín láìsí ẹni tó dì í mú.

Ọjọ́ kìíní: gígé lẹ́tà

Mo fọwọ́ ya gbogbo lẹ́tà sórí páálí. Mi ò tẹ̀ ẹ́ jáde látinú kọ̀ǹpútà torí a àti g inú kọ̀ǹpútà kì í sábà jọ èyí tí à ń fọwọ́ kọ, a tiwọn máa ń ní ìkọ́ lórí, g tiwọn máa ń dà bíi gíláàsì ojú, ọmọ ọlọ́dún mẹ́rin kò sì gbọ́dọ̀ máa tọ ohun tí kò ní kọ. Lẹ́tà kékeré ni gbogbo rẹ̀, torí lẹ́tà kékeré ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n máa kà. Lẹ́tà ńlá, mo ní kí n kọ́kọ́ fi mọ sórí orúkọ wọn ná. Sẹ̀ǹtímítà 7 ni gíga lẹ́tà bíi a àti o, 12 ni àwọn tó lápá lókè tàbí nísàlẹ̀, ojú ilà fẹ̀ tó 1.5 kí ìka méjì lè rí ibi rìn.

Ibi tó ti bàjẹ́ nìyí. Ẹ̀yìn sáńpépà ni ẹ máa ti gé e, torí ojú rẹ̀ kò gba pẹ́ńsùlù, bíléèdì tó bá sì gba ojú wọlé kì í pẹ́ kú. Mo gbé páálí sẹ́yìn sáńpépà, mo fi pẹ́ńsùlù yí i ká, mo gé e, mo gé lẹ́tà mẹ́sàn-án kí n tó yí ìkan padà wo ojú rẹ̀. a ti kọjú sódì. e ti kọjú sódì. Ohun tí ẹ bá yà sẹ́yìn, òdìkejì rẹ̀ lẹ máa bá níwájú. o, i, l àti w kò mọ̀ ọ́n, torí ọ̀tún àti òsì wọn jọra. b tí mo gé di d, d di b, méjèèjì ṣì wúlò, àmọ́ p di q, a ò sì ní q nínú lẹ́tà Yorùbá, ó di àgékù. Àtúnṣe rẹ̀ kò le: ẹ dojú páálí dé kí ẹ tó fi pẹ́ńsùlù yí i ká, ó tán.

Mo jókòó ti àwọn lẹ́tà òdì yẹn fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣáá. Èmi àgbàlagbà tó ti ń kàwé láti kékeré, ọwọ́ mi gé lẹ́tà mẹ́sàn-án sódì, ojú mi kò ta mí lólobó. Ẹ jẹ́ kí ìyẹn wà níbẹ̀ ná, mo máa padà sórí rẹ̀ tí mo bá dé b àti d.

Ọjọ́ kejì àti ìkẹta: pátákó

Pláíwúùdù tó nípọn mìlímítà 6 ni mo lò, bọ̀ọ̀dá káfíńtà kan bá mi fi ayùn là á sí sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20, ti gb nìkan ló fẹ̀ tó 25 torí lẹ́tà kan ṣoṣo ni gb lọ́dọ̀ wa, mi ò fẹ́ kí ọmọ rí i bíi g tó dúró ti b. Mo fi sáńpépà fínnífínní ha etí gbogbo rẹ̀ títí kò fi lè gún ẹnikẹ́ni. Mo kun pátákó fáwẹ́lì méje ní búlúù, mo kun ti kọ́ńsónáǹtì 18 ní pupa rẹ́súrẹ́sú, bí àwọn tó ń lo ọ̀nà Montessori ṣe máa ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọ̀dà gbọ́dọ̀ gbẹ tán pátápátá kí ẹ tó lẹ nǹkan kan mọ́ ọn.

Sáńpépà nọ́ńbà 80 ni mo kọ́kọ́ fi gé. Bí nọ́ńbà bá ṣe kéré sí ló ṣe máa ń le sí. Mo tọ g ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá fúnra mi, ìka mi pọ́n. Awọ ọmọdé ńkọ́? Mo bọ́ gbogbo rẹ̀ dànù, mo tún un gé pẹ̀lú nọ́ńbà 150. Ìyẹn dáa, ọmọ á mọ̀ ọ́n lára, kò ní ta á.

Gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà fi ń lẹgi ni mo fi lẹ̀ ẹ́. Omi inú rẹ̀ mú kí ẹ̀yìn sáńpépà wú, etí rẹ̀ ń ká sókè. Èyí tó yanjú rẹ̀ ni kí ẹ fi gọ́ọ̀mù fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ pa á, kí ẹ da báàgì náílọ́ọ̀nù bò ó, kí ẹ gbé ìwé ńlá tàbí bíríkì lé e lórí di ọjọ́ kejì. Ẹ má kánjú sí i.

Àmì abẹ́ ẹ, ọ, ṣ

Ibí yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà.

Mo gé àmì abẹ́ náà bíi kọ́bọ̀ kékeré, mo lẹ̀ ẹ́ sábẹ́ lẹ́tà. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí mo gbé e fún ọmọ àǹtí mi kan kó bá mi dán an wò tí ti ọ fi ká kúrò, ìgbà tí mo máa rí i, ó ti wà láàárín eyín rẹ̀. Àyà mi já. Ohunkóhun tó bá lè wọnú ihò tó fẹ̀ tó mìlímítà 31.7 ni wọ́n ń kà sí ohun tó lè há ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta lọ́nà ọ̀fun ní Amẹ́ríkà, nǹkan tèmi yìí kò tó ìdajì ìyẹn rárá. (Ìdí kan náà nìyẹn tí mi ò fi fi mágínẹ́ẹ̀tì sẹ́yìn àwọn pátákó yìí bó tiẹ̀ wù mí. Ọmọ tó bá gbé mágínẹ́ẹ̀tì méjì mì, wọ́n lè fa ara wọn nínú ìfun kí wọ́n dá a lu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi í sí i.)

Mo wá gbé dírílì, ẹnu ìlọ́gi rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 8, mo lu ihò tí kò jìn ju mìlímítà 3 lọ sábẹ́ lẹ́tà, kò lu já, ó kàn rí kóropo bí ihò ayò tí wọ́n gbẹ́ fún èèrà. Mo fi sáńpépà yí i nínú kó máa dán. Báyìí kò sí ohun tó lè ká kúrò mọ́.

Mo gbé e padà fún ọmọ yẹn. Ó fi ìka tọ o, ó yí i po, ó dé ibi tó ti gbéra, mo ní "ó kù síbì kan o," ó wa ìka sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìka bọ́ sínú ihò, ó gbójú sókè wò mí, ó ní "ọ!" Ẹnu rẹ̀ là gbàgà. Ó tún ṣe é. Ó tún ṣe é. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fìka wá ihò lábẹ́ e, kò sí, ó ní "e." Ó bọ́ sórí ẹ, ìka bọ́ sínú ihò, "ẹ!" Mi ò sọ fún un pé ẹ yàtọ̀ sí e. Ìka rẹ̀ ló sọ fún un. Mo ti lo ọ̀pọ̀ ọdún tí mò ń pariwo "àmì wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ má gbàgbé àmì," ọmọ kì í sì í yé gbàgbé ẹ̀, torí lójú rẹ̀ ohun kékeré kan lásán ni, kò mọ̀ pé ohun kékeré yẹn ló ń yí ẹnu padà.

Tíréè

Kò gba àkókò. Tíréè onígi, sẹ̀ǹtímítà 30 sí 40, etí rẹ̀ ga tó 4, mo kun inú rẹ̀ ní dúdú kí lẹ́tà lè yọ. Ẹ fọ iyanrìn náà lẹ́ẹ̀mẹta ó kéré tán kí eruku rẹ̀ lọ, torí eruku yẹn kò dáa ní ìmú ọmọ, ẹ sá a gbẹ, ẹ sẹ́ ẹ. Mo da iyanrìn tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 2 sínú rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, ṣe ni lẹ́tà ń wó bí ìka bá ṣe ń kúrò níbẹ̀. Ìdajì sẹ̀ǹtímítà ti tó, ìka á kan ìdí tíréè, ojú dúdú á yọ, lẹ́tà á dúró. Tó bá ti kọ ọ́ tán, á mi tíréè, ó parẹ́, kò sí pé ó ṣe é tàbí kò ṣe é, kò sí ìlà pupa, ẹ̀rù kì í bà wọ́n níbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ

Ọmọ mẹ́rìnlá ló wà ní kíláàsì mi. Mi ò tẹ̀ lé bí orin ṣe to lẹ́tà. Bí ọwọ́ ṣe ń gbéra ni mo fi pín wọn. l, i, t kọ́kọ́ jáde torí ilà òró ni. Lẹ́yìn náà ni àwọn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òbìrípo: o, ọ, a, d, g. Àwọn tó ń kọ́ lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì máa ń fi c ṣe ìyá fún ìdílé yìí, a ò ní c, o la fi ṣe tiwa, ó sì tún dáa jù torí o jẹ́ lẹ́tà tí ọmọ ń pè lẹ́nu rẹ̀ bó ṣe rí lójú, ẹnu rẹ̀ á rí roboto. e àti ẹ tẹ̀ lé wọn, àwọn méjì yìí máa ń gbéra láti àárín. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn tó ń ti òkè sọ̀ kalẹ̀ kí wọ́n tó tẹ̀: n, m, r, h, b, p. w, y, k ló kẹ́yìn torí ilà tó dagẹ̀rẹ̀ le fún wọn. Ọmọ máa ń lè ya ilà òró àti òbìrípo ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta, ó di nǹkan bí ọdún márùn-ún kó tó lè ya onígun mẹ́ta, kí ló dé tí a fi ń bínú sí ọmọ ọlọ́dún mẹ́rin nítorí k?

Bí mo ṣe ń kọ́ wọn: lẹ́tà méjì tí kò jọra ni mo máa ń gbé sílẹ̀, bíi o àti t, mi ò jẹ́ gbé b àti d papọ̀. Mo máa tọ̀ ọ́, mo máa pe ìró rẹ̀, ọmọ á ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà mo máa ní "fi t hàn mí." "Gbé o wá." Ìgbà tó bá ti ń gbé e láìṣiyèméjì ni n óò tó nawọ́ sí ọ̀kan bi í pé "kí nìyí?" Édouard Séguin, dókítà ará Faransé, ni ọ̀nà onípele mẹ́ta yìí ti wá, Montessori gbà á lọ́wọ́ ìwé rẹ̀. Kì í ṣe nǹkan bàbàrà àmọ́ a máa ń fo ìkejì rẹ̀ ni, a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún ọmọ tán a ó ti máa bi í, ó wá ń dà bí ìdánwò.

Àwòrán wà lẹ́yìn pátákó kọ̀ọ̀kan: ajá fún a, bàtà fún b, ejò fún e. u ló fún mi níṣẹ́. Kò sí ọ̀rọ̀ tó ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú u nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, gbogbo ibi tí mo yẹ̀ wò, òfo ni. Ìlù ni mo yà, mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀, mo fi pupa kun u tó wà níparí. Àwọn ọmọ fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n á fa u yẹn gùn, uuuu.

Ìṣòro méjì jáde lọ́sẹ̀ yẹn.

Ọ̀kan, mo lẹ gbogbo lẹ́tà sápá ọ̀tún pátákó, mo fi àyè sílẹ̀ lósì kí ọmọ lè fọwọ́ òsì dì í mú. Ọmọkùnrin kan wà tó jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì. Mo rí i bó ṣe ń lọ́ apá rẹ̀ gba orí ọwọ́ kejì kọjá kó tó dé ibi lẹ́tà, ó tọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó gbé e padà sórí ṣẹ́ẹ̀fù jẹ́ẹ́, ó lọ ṣeré bíríkì. Kò ráhùn. Ó dùn mí gan-an pé kò tiẹ̀ ráhùn, bí ẹni tó ti mọ̀ pé nǹkan kì í bá òun mu. Mo lẹ pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí i lápá ọ̀tún ara gbogbo pátákó, lẹ́tà wá bọ́ sáàárín, èyíkéyìí ọwọ́ lè dì í mú báyìí. Irọ̀lẹ́ kan péré ni iṣẹ́ yẹn, ó yẹ kó wà lórí ètò láti ọjọ́ kìíní.

Èkejì, mo fi ọ̀dà àwọ̀ ewé tọ́ àmì roboto kékeré sí ibi tí ìka ti máa gbéra. Ó lọ dáadáa, gbogbo wọn ń ti ibi tó yẹ bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ Ọjọ́bọ̀, ọmọbìnrin kan kọ o sínú iyanrìn, ó yí i po dáadáa, ó wá fi ìka gún un lókè, kóó. Mo ní kí nìyẹn. Ó ní "Àǹtí, àmì rẹ̀ ni." Òótọ́ sì ni, èmi ni mo kọ́ ọ pé àmì tó wà lára lẹ́tà kì í ṣe eré, i ní tirẹ̀ lókè, ẹ ní tirẹ̀ nísàlẹ̀, kí ló fẹ́ jẹ́ kó mọ̀ pé ti o yìí kì í ṣe ara rẹ̀? Mo ha gbogbo àmì àwọ̀ ewé náà kúrò, mo ya àwòrán ẹsẹ̀ ọmọdé kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, kò kan lẹ́tà. "Níbo lẹsẹ̀ wà? Ibẹ̀ la ti ń gbéra." Láti ìgbà yẹn kò sẹ́ni tó kọ ẹsẹ̀ sínú iyanrìn.

b àti d

Ẹ wo orin wa. A, bí, dí. Lẹ́tà méjì tó jẹ́ pé tí ẹ bá yí ọ̀kan padà ó di èkejì, àwọn náà ló tò tẹ̀ léra wọn, orúkọ wọn tún fẹ́rẹ̀ẹ́ dún bákan náà, bí, dí. Lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì tiẹ̀ ní c láàárín wọn.

Ìdí tí ọmọ fi ń fi ọ̀kan pe èkejì kì í ṣe òmùgọ̀, kì í sì í ṣe àìsàn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ọmọ ni ojú rẹ̀ ti ń kọ́ pé ife tó kọ etí sọ́tùn-ún àti ife tó kọ etí sósì, ife kan náà ni. Ajá tó ń lọ àti ajá tó ń bọ̀, ajá kan náà ni. Ọpọlọ gbogbo wa ló rí bẹ́ẹ̀, Stanislas Dehaene tó ń ṣèwádìí ọpọlọ ní Faransé ti kọ nípa rẹ̀ dáadáa, kíkàwé ló ń kọ́ wa láti yà wọ́n sọ́tọ̀, orí lẹ́tà gan-an ló sì ti ṣe pàtàkì pé kéèyàn yà wọ́n. Ìdí nìyẹn tí ojú tèmi náà kò fi ta mí lólobó lọ́jọ́ kìíní. Ọmọ tó bá kọ d fún b lọ́dún mẹ́rin, márùn-ún, ń ṣe ohun tí ọpọlọ rẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣe láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ má nà án. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ojú kò lè yanjú ẹ̀ torí ojú ló ń dá wàhálà ọ̀hún sílẹ̀, ọwọ́ ló lè yanjú ẹ̀. d wá láti ìdílé o: yí òbìrípo, gùnkè, sọ̀ kalẹ̀. b wá láti ìdílé h: ti òkè sọ̀ kalẹ̀, padà gòkè dé àárín, kí o tó yí. Ìgbéra wọn kò jọra rárá. Mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sáàárín wọn, d jáde lọ́sẹ̀ kejì, b di ọ̀sẹ̀ karùn-ún. Mo sì tún pátákó wọn ṣe: mo yọ ẹsẹ̀ tó wà lára d lórí ọ̀pá rẹ̀ (àṣìṣe mi nìyẹn, mo ti fi í sókè níbẹ̀rẹ̀), mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ òbìrípo. Dígí ni àwòrán d. Àwọn ọmọ kò mọ ìdí tí mo fi yan dígí, èmi mọ̀ ọ́n.

Ọmọ kan ṣì wà tó ń fi ọ̀kan pe èkejì. Tó bá ti dé ibẹ̀ lórí bébà, á dúró, á fi ìka ya òbìrípo sórí tábìlì ná, á ní "d," á wá gbé kréyọ̀nù. Mi ò sọ fún un kó máa ṣe bẹ́ẹ̀ o. Mo kàn ń wò ó ni.

Ìgbà tí a dé orí pẹ́ńsùlù

Ọ̀sẹ̀ kẹfà. Mi ò gbé pẹ́ńsùlù gígùn fún wọn. Mo ṣẹ́ kréyọ̀nù àti ṣọ́ọ̀kì sí kékeré, bíi sẹ̀ǹtímítà 3, torí ohun kúkurú kò fàyè gba ìkúùkù, ìka mẹ́ta ló lè dì í mú, kò sí kéèyàn máa tún ọwọ́ ọmọ ṣe léraléra. Àwọn egungun kéékèèké inú ọrùn ọwọ́ wọn kò tíì le tán lọ́jọ́ orí yìí, ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́jọ ti tó wọn. Wọ́n kọ sórí bébà ńlá tí kò ní ìlà tí mo lẹ̀ mọ́ ògiri, torí tí ọmọ bá dúró tó ń kọ̀wé sára ògiri, èjìká rẹ̀ àti ọrùn ọwọ́ rẹ̀ á ṣiṣẹ́ papọ̀. Bébà onílà, ó di ìgbà míì.

Lẹ́tà tí ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ wọn ni gbogbo wọn kọ́kọ́ kọ láìwo pátákó. Rebecca Treiman àti Victoria Broderick ti fi hàn nínú ìwádìí wọn ní 1998 pé ọmọ máa ń mọ bí wọ́n ṣe ń pe lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ tirẹ̀ ju àwọn lẹ́tà yòókù lọ, mo rí i lójú mi. Márùn-ún nínú àwọn mẹ́rìnlá ni orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú O tàbí Ọ. Ọ̀kan tí tirẹ̀ jẹ́ Ọ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ orúkọ òun láìsí àmì abẹ́ mọ́, ó mú kọ́ọ̀pù rẹ̀ tọ̀ mí wá, wọ́n ti kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀ láti ọdún tó kọjá, ó ní "Àǹtí, ihò rẹ̀ kò sí níbẹ̀." Mo fún un ní máákà. Ó tọ́ ọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀, ó tóbi ju Ọ fúnra rẹ̀ lọ díẹ̀.

Ohun tó wà lórí tábìlì báyìí

Sáńpépà g àti a ti ń dán torí àwọn ni wọ́n ń tọ̀ jù, mo fi omi gbígbóná àti ọ̀bẹ pẹlẹbẹ ká wọn kúrò lánàá, mo tún òmíràn lẹ̀, bíríkì ṣì wà lórí wọn. Ẹ gé ẹ̀dà méjì-méjì láti ìbẹ̀rẹ̀ tí ẹ bá ní sáńpépà tó ṣẹ́kù. Tíréè kan ti là ní igun kan, iyanrìn ń jò, mo fi gọ́ọ̀mù àti ìṣó méjì dì í.

Àwọn tí orúkọ wọn ní an tàbí un nínú ti ń bi mí níbo ni tiwọn wà. Mo ti la pátákó márùn-ún sí i, fífẹ̀ wọn jẹ́ bíi ti gb: an, ẹn, in, ọn, un. Búlúù ni mo kùn wọ́n, torí fáwẹ́lì ni wọ́n, n yẹn kàn ń gba imú kọjá ni. Mo ti lu ihò abẹ́ ẹn àti ọn. Ọ̀dà ni mò ń dúró dè kó gbẹ.